Oògùn Tí Mo Bá Ọ̀gá Mi Kà Títí Tó Fi Tán

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin kan ń gbára dì fún ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Lójoojúmọ́ ló ń bi mí bóyá iṣẹ́ apoògùn ni kí òun lọ kọ́ ni àbí ti báńkì. Mo ní kó gbé fóònù sílẹ̀ kó jókòó, nítorí iṣẹ́ tí mo fi ọdún mẹ́tàdínlógójì ṣe kì í ṣe ohun tí a ń sọ lórí ìdúró. Ohun tí mo sọ fún un náà ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí, fún òun àti fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣì ń rú lójú. Bí mo bá ń bá yín wí bí mo ṣe ń lọ, ẹ fara dà á. Ẹnu mi kì í dákẹ́, ìyá mi ní Inísà ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gùn. Mo jáde ìwé mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi mọ ẹnì kan, ẹni náà mọ ẹlòmíràn, mo bá dé ẹ̀yìn fèrèsé tí wọ́n ti ń fún àwọn aláìsàn ní oògùn ní ilé ìwòsàn kan ní Ìkìrun. Owó oṣù kéré nígbà náà, ó kéré nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gá Àkàndé, ọmọ Òkukù. Wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn jìn wọlé díẹ̀ bí ti gbogbo ará ilé wọn, aṣọ funfun wọn kì í sì í ní àbàwọ́n títí iṣẹ́ á fi parí. Lẹ́yìn wọn, gbogbo wa ń pè wọ́n ní Bàbá Tún-un-kà. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi wà lọ́dọ̀ wọn kí n tó fọwọ́ kan oògùn. Ẹ̀wà ni wọ́n fún mi, ẹ̀wà pupa tí wọ́n fi owó ara wọn rà, tí wọ́n dà sínú ìgò. Àwo irin onígun mẹ́ta kan wà, orí rẹ̀ ni a ti ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ pẹlẹbẹ fa hóró oògùn ní márùn-ún márùn-ún. Ẹ̀wà ni mo ń fà lórí rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá ní ọgọ́ta ni, wọ́n á ní, "Tún un kà." Bí mo bá tún ní ọgọ́ta, wọ́n á tún ní kí n tún un kà. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, ṣé mo ṣì í ni, sà? Wọ́n ní rárá, mo gbà á, àmọ́ ẹni tó gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè jẹ́ pé ó kàn ṣèèṣì bọ́ sí i ni. Ìgbà tí ìyá mi se ẹ̀wà nílé lọ́jọ́ ọdún, mo rí i pé mo ti ń fi ṣíbí tò ó ní márùn-ún márùn-ún. Ìyá mi ní àwọn ará Ìkìrun ti ba orí ọmọ òun jẹ́.

Lẹ́yìn ẹ̀wà ló kan ìdajì. Nígbà náà, bí dókítà bá ní kí aláìsàn lo ìdajì hóró, àwa la máa ń fi abẹ là á. Bí apá kan bá tóbi ju ìkejì lọ, ọ̀gá á kó méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n á kàn máa wò mí títí màá fi dà á nù. Mo kórìíra wíwò yẹn ju ẹgba lọ.

Wọ́n le, àmọ́ n kò tíì rí ẹni tó fẹ́ràn aláìsàn tó wọn. Èèyàn púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ni kò mọ̀wé, nítorí náà ọ̀gá máa ń ya àwòrán sára àpò oògùn: oòrùn tó ń yọ lẹ́yìn òkè ni ti àárọ̀, oòrùn tó wà láàárín gbùngbùn ni ti ọ̀sán, òṣùpá ni ti alẹ́. Wọ́n á ní kí aláìsàn sọ ọ́ padà fún àwọn. Bí kò bá gbà á, wọ́n á kúrò nídìí fèrèsé, wọ́n á tẹ̀ lé e dé abẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látorí oòrùn àkọ́kọ́. Àwa tí èrò ń pariwo mọ́ á máa kùn. Mo kùn dáadáa, n kò ní purọ́.

Ìkùnsínú yẹn ló kó bá mi lọ́dún kẹta. Àgbẹ̀ kan ń ti ìlú Ìbà wá, bàbá jẹ́jẹ́ kan tí oríkèé ara rẹ̀ máa ń wú. Oògùn tí dókítà kọ fún un ni èyí tí a ń pè ní sitẹ́rọ́ọ̀dì, hóró kékeré kan báyìí tí agbára rẹ̀ ju ìrísí rẹ̀ lọ. Bàbá náà ti lò ó ju ọdún kan lọ. Oṣù ààwẹ̀ ni, òǹgbẹ ń gbẹ mí, èrò sì tò dé ẹ̀yìn ilé. Bàbá dé ojú fèrèsé, ó ní oríkèé òun ò dun òun mọ́, ó ní ṣé kí òun ṣì máa lò ó. Ìwé tí dókítà fi kọ bí yóò ṣe máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ wà níwájú mi, n kò kà á dópin. Mo ní bí ara bá ti yá, kí wọ́n sinmi oògùn. Ó dúpẹ́, ó sì wúre fún mi kó tó lọ.

Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n gbé e dé lórí ọ̀kadà, ọmọ rẹ̀ kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, òun láàárín. Ó ń bì, ara rẹ̀ tutù, ọrùn rẹ̀ ò gbé orí dúró, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fa omi sí i lára. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà. Dókítà jáde, ó béèrè ẹni tó ní kí bàbá yìí dá oògùn dúró lójijì. Kí n tó lanu, Ọ̀gá Àkàndé ti bọ́ síwájú mi.

Wọ́n ní, "Èmi ni, sà. Ọmọ tí mo kọ́ ni, mi ò kọ́ ọ délẹ̀."

Orúkọ wọn ni wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀sùn, kì í ṣe tèmi. Ọlọ́run bá wa ṣe é, bàbá Ìbà kò kú. Títí tí ọ̀gá fi fẹ̀yìn tì, wọn ò fi ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lára lẹ́ẹ̀kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n pè mí jókòó. Wọ́n ní ara èèyàn fúnra rẹ̀ ló ń pèsè irú nǹkan tó wà nínú oògùn yẹn, òun ló fi ń dìde láràárọ̀, òun ló sì fi ń dojú kọ àìsàn. Bí a bá ń gbé e fún un láti ìta fún ìgbà pípẹ́, ara á káwọ́ gbera, á ní kí ni òun tún ń ṣe wàhálà sí. Ọjọ́ tí a bá wá já a gbà lójijì, ara kò tíì rántí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní bí ìyá ṣe ń já ọmọ lẹ́nu ọmú ni kí n máa rò ó, pé díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, díẹ̀díẹ̀ náà ló sì gbọ́dọ̀ fi jáde. Láti ọjọ́ yẹn, n kò fún ẹnikẹ́ni ní oògùn láìka ìwé dé ìlà ìkẹyìn, ìbáà jẹ́ ààwẹ̀, ìbáà jẹ́ òjò.

Ọdún ń gorí ọdún. Agolo ńlá tí a ti ń ka oògùn di sáṣẹ́ẹ̀tì tí ilé iṣẹ́ ti kà kó tó dé. Abẹ lọ, ohun èlò oníke kan dé tí èèyàn á kàn dé pa tí hóró á sì là sí méjì. Kọ̀ǹpútà dé, òun ló ń tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ sára àpò oògùn, àmọ́ kò mọ oòrùn yà. Èmi ṣì ń fi bírò ya tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọdé tó wà níbẹ̀ á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kó àwo irin onígun mẹ́ta náà dànù, mo fi ìborùn bò ó, mo gbé e lọ sílé. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá ti fẹ̀yìn tì sí Òkukù tipẹ́ kí èmi náà tó ṣíwọ́. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tí èjìká àti ìbàdí wọn gan pa. Wọn ò lè gbé ìlarun dé orí, ìyàwó wọn, Ìyá Fúnkẹ́, ló ń bá wọn wọ aṣọ. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, oògùn tó sì kọ fún wọn ni hóró kékeré yẹn gan-an. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ti ń gbé korobá omi. Wọ́n wà lórí rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Nígbà tó yá, ṣúgà yọ lára wọn, ojú wọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, wọ́n sì yọ̀ gbẹ̀rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ọrùn ọwọ́ wọn bá dá. Dókítà tó ń tọ́jú wọn ní Ìkìrun, ọmọbìnrin kan tí mo lè bí, sọ fún wọn pé oògùn náà ló ń jẹ eegun wọn lábẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá tún ṣubú, ìbàdí ló lè dá, wọ́n sì lè má dìde mọ́. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ bọ́ lórí rẹ̀, àmọ́ á gùn. Ọ̀gá ní àwọn gbọ́, pé Ràfátù ni kó wá máa ka oògùn àwọn. Èmi ni Ràfátù. Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, mo rò pé kíkà ti tán fún mi.

Hóró mẹ́ta láràárọ̀ ni wọ́n ń lò. Dókítà ní kí a yọ ìdajì, kí a dúró bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí ara bá gbà á, kí a yọ ìdajì mìíràn, bó bá sì ti ń kéré sí i, kí a tún rọra sí i. Ojú ọ̀gá ò ríwèé mọ́ dáadáa, Ìyá Fúnkẹ́ kò sì mọ̀wé, ọjọ́ ọjà ló fi ń ka oṣù. Mo bá fi ọjà kà á fún un. Ọjà wa, ọrọọrún ló ń ná, tí a bá ka ọjọ́ ọjà méjèèjì mọ́ ọn, ọjà méje sì ni ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo ya oòrùn kan sára àpò, mo fa ìlà méje sábẹ́ rẹ̀. Bí ọjà bá ná, á fi èédú pa ìlà kan. Bí méje bá pé, màá wọ bọ́ọ̀sì kékeré láti Ìkìrun, màá gba Inísà kọjá, màá gbé àpò tuntun àti àwo irin mi dé Òkukù.

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti rí aláìsàn, àmọ́ n kò rí irú ọ̀gá rí. Àárẹ̀ mú wọn, oríkèé wọn ń ké, nítorí ara tó ti sinmi fún ọdún mẹ́fà kì í fẹ́ dìde. Wọn ò ráhùn. Wọ́n á kàn sọ fún mi ibi tó ń dùn wọ́n àti bó ṣe ń dùn wọ́n tó, bí ẹni ń jíṣẹ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí ibà mú wọn, dókítà ní kí a má yọ nǹkan kan, kí a tiẹ̀ fi kún un fún ọjọ́ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe, láìjiyàn. Wọ́n á sì jókòó síwájú mi, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́, màá ka oògùn wọn lójú wọn. Ẹ mọ ohun tí wọ́n á ní kí n ṣe bí mo bá kà á tán.

Ohun tó fẹ́ bà á jẹ́ kì í ṣe àìsàn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni. Oògùn yẹn máa ń wú èèyàn lójú. Fún ọdún mẹ́fà, ojú ọ̀gá yí roboto, gbogbo Òkukù ń sọ pé ìfẹ̀yìntì dùn mọ́ bàbá, pé Ìyá Fúnkẹ́ mọ ọkọ tọ́jú. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bí a ṣe wá ń dín oògùn kù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń lọ sílẹ̀. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn kú ara àìle. Àwọn ìyá ìjọ Aládùúrà wọn ń bi Ìyá Fúnkẹ́ léèrè ohun tó ń sè fún ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí a ti pẹ́ díẹ̀ lórí hóró méjì, mo dé Òkukù lọ́jọ́ kan, mo rí i pé ojú ọ̀gá ti tún ń yí. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni dókítà sọ fún mi pé ṣúgà tó ti ń wálẹ̀ tún ti gòkè. Ohun tí mo rò ni pé ìrora ti pọ̀ jù fún wọn, wọ́n sì ti ń fi kún un ní kọ̀rọ̀. Mo dá ọ̀rọ̀ tí màá sọ jọ nínú bọ́ọ̀sì láti Ìkìrun títí dé Òkukù nígbà tí mo padà lọ, síbẹ̀ kò rọrùn lẹ́nu mi. Mo kúnlẹ̀, mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n ń fi kún oògùn ni.

Wọ́n wò mí. Wíwò ti ayé àtijọ́ yẹn ni. Wọ́n ti àpò oògùn sọ́dọ̀ mi, mo dà á sórí àwo, mo kà á, ó pé. Wọ́n ní kí n tún un kà, ó pé. Wọ́n wá ní kí n gun àga, kí n gbé agolo kan wálẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Agolo oògùn náà ni, èyí tí wọ́n rà pa mọ́ nígbà kan tí ilé ìwòsàn daṣẹ́ sílẹ̀. Iye hóró tó wà nínú rẹ̀ wà lára ìdérí, wọ́n ti kọ ọ́ kí ojú tó ṣú. Mo kà á. Hóró mọ́kànlélógójì ló dín. Mo tún un kà kí wọ́n tó sọ ọ́. Mọ́kànlélógójì.

Ìyá Fúnkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ ògì lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀.

Ó ní, "Ẹ dárí jì mí. Wọ́n ní ebi ni mo fi ń pa ọkọ mi. Wọ́n ní mo fẹ́ kó kú."

Ó ti ń lọ hóró kan sínú ògì wọn láràárọ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè padà, kí ẹnu ayé lè kúrò lára òun. Inú bí mi, ó bí mi gan-an ni. Mo gbá agolo náà mú, mo ní ṣáláńgá ni mò ń dà á sí, wéré báyìí, pé láti ọ̀la hóró méjì péré ni, kò sí nǹkan míì. Mo ti dé ìloro.

Ọ̀gá ní, "Ràfátù, padà wá jókòó. Bàbá Ìbà ńkọ́?"

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orúkọ náà máa jáde lẹ́nu wọn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ara wọn ti ń gba mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sì mọ̀ pé inú ògì ni ọ̀kan ti ń wá. Bí mo bá já a gbà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ohun tí mo ṣe fún bàbá Ìbà ni mo tún fẹ́ ṣe fún ẹni tó gba ẹ̀bi rẹ̀ kúrò lọ́rùn mi.

Mo rò pé wọ́n máa pariwo mọ́ ìyàwó wọn, èmi tí mo ti rí bí wọ́n ṣe ń da oògùn nù nítorí ìdajì tí kò dọ́gba. Wọ́n kàn gba abọ́ ògì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Ìyá Fúnkẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí o bá lójú mi nígbà tí o fẹ́ mi ni mò ń wá lọ. Tèyí tí wọ́n ń yìn, oògùn ló ni ín."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Mo pe dókítà lórí fóònù níwájú wọn, a ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún un. Ó ní kí a gbà pé orí mẹ́ta la wà, kí a bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Oṣù tí a ti rìn lọ lásán, a tún un rìn. Ọ̀gá ò sọ pé ó sú àwọn rí. Ìyá Fúnkẹ́ ló wá di ẹni tó ń tọ́jú agolo. Ìgbà tí ìyá ìjọ kan tún kí i pé ọkọ rẹ̀ rù, mo gbọ́ pé ó ní bó ṣe rí nìyẹn nígbà tí òun fẹ́ ẹ, òun sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tán nínú ìjọ.

Ó gbà wá ju ọdún kan àtààbọ̀ lọ lẹ́yìn ìyẹn. Hóró kan, ìdajì, ìdajì lọ́jọ́ kan ká fo ọjọ́ kejì. Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ wọn láàárọ̀ kùtù, ó ní ara ti rántí iṣẹ́ rẹ̀. Ó fún wọn ní ìwé pélébé kan tí wọ́n á ṣì máa fi sápò, kí ẹni tó bá tọ́jú wọn nígbà àìsàn lè mọ̀ pé wọ́n ti lo oògùn yẹn rí.

Lọ́jà tó kẹ́yìn, mo wọ bọ́ọ̀sì dé Òkukù. Ọ̀gá jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn jìn wọlé bí mo ṣe bá a nídìí fèrèsé lọ́jọ́ kìíní. Ìyá Fúnkẹ́ gbé àpò oògùn wá, ìlà méjèèje ti dúdú fún èédú. Mo gbé àwo irin sórí ẹsẹ̀ mi, mo dojú àpò náà dé lé e lórí, mo gbọ̀n ọ́n. Nǹkan kan ò bọ́ sílẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, ó ti tán, sà."

Wọ́n gbé ojú kan tó ṣì ń ríran sórí àwo náà, wọ́n wò ó títí.

Wọ́n ní, "Tún un kà."

Mo mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ fa orí àwo òfìfo náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, mo sì tún un kà.